Ṣéńjì 300 Sẹ́fà

Ọdún kẹta tí mo dé Abidjan ni mo dìde nínú gbáká, mo dojú kọ èrò ọkọ̀, mo sì kéde fún wọn pé Jésù ti sá lọ.

Ohun tó wà lọ́kàn mi kọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ sọ pé Jésù ń gbani là, tí àwọn ará ibí máa ń pè ní "Jésus sauve". Ṣùgbọ́n Faransé ọjà ni mo gbọ́ nígbà náà, Faransé èló-ni-jálẹ̀, èyí tí kò kọjá ká ta yáàdì mẹ́fà ká sì gba owó. Mo ki ọ̀rọ̀ kékeré kan bọ àárín, mo ní "Jésus se sauve". Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló sọ Olùgbàlà di ìsáǹsá. Mo dìde ìlàjì, nítorí òrùlé gbáká kò gba ìdúró, mo sì tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó lè wọ̀ wọ́n létí. Àpíràǹtì, bí a ṣe ń pe kọ̀ńdọ́ níbí, tó so rọ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn láti Adjamé títí dé Abobo, ki orí bọ inú ọkọ̀, ó ní, "Màmá, ta ló ń lé e?" Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé ayọ̀ ìgbàlà ló dé bá wọn. Mo pín ìwé àṣàrò kúkurú méjìlá lọ́jọ́ náà, mo sì jẹ́rìí nípa rẹ̀ ní ìjọ. Ó pẹ́ gan-an kí ọmọ mi tó ń lọ sílé ìwé níbí tó là mí lóye.

Ẹ̀bi ẹnu nìyẹn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Lọ́jọ́ tí mo ṣe èyí tó burú, Faransé mi ti já gaara.

Ọmọ Èjìgbò ni mí. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò ní Ọ̀ṣun ti mọ ìdajì ìtàn mi, nítorí agbo ilé tí kò ní ẹnì kan ní Abidjan kò pọ̀ níbẹ̀. Ní ọjà wa, ẹ lè ṣẹ́ sẹ́fà sí náírà bí ẹni ra gààrí, ẹ ó sì gbọ́ Faransé lẹ́nu ọmọdé tí kò tíì dé Ìbàdàn rí. Ọdún 1988 ni mo bá ọkọ̀ kúrò nílé. A gba Sẹ̀mẹ̀, a gba Kútọnu, Lomé àti Accra kọjá, títí a fi dé Elubo, a sì sọdá sí Noé. Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa níbí. Mo ń ta àǹkárá ní Treichville. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mò ń lọ, ìjọ tí àwọn oníṣòwò Yorùbá fúnra wọn dì mọ́ ẹrù wá sí ìlú yìí, tí wọ́n ń kọrin rẹ̀ lédè wa. Mo wà nínú ẹgbẹ́ ajíhìnrere, mo wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin, bí ẹgbẹ́ kan bá sì kù, ẹ bá mi wá fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù Òkúdù 2017, ọdún kan gééré ṣáájú òjò òru ọjọ́ 18 oṣù Òkúdù 2018 tó pa ènìyàn bíi ogún nílùú yìí. Ẹgbẹ́ obìnrin ti pinnu pé lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, a ó lọ bẹ àwọn aláìsàn wò, èmi ni wọ́n sì gbé ẹ̀bùn lé lọ́wọ́. Báàgì mẹ́wàá ni: ìrẹsì kílò méjì-méjì, òróró inú ike, ọṣẹ, àti sáàdínì agolo méjì. Mo ra ríbọ́ǹnù aláwọ̀ búlúù, mo ń so ó mọ́ etí báàgì kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń di ẹrù ìyàwó. Mo ti bá ayàwòrán sọ̀rọ̀. Kí n má parọ́, mo ti dúró níwájú dígí nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì, mo wo bí màá ṣe tẹ̀ ba nígbà tí mo bá ń gbé báàgì fún aláìsàn, kí gèlè má bàa bò mí lójú nínú fọ́tò.

Òjò dé bíi aago mẹ́ta. Òjò Òkúdù ní Abidjan kì í fún èèyàn láyè. Bó ṣe ń ṣú ló ń dà. Ọkùnrin kan sáré wọ abẹ́ tapólì tí mo ta síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ọ̀rá yẹ́lò borí bí ọmọ ìkókó tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀lù wé, sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu, ó sì ti fi ọmọlanke rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà. Wotoro ni wọ́n ń pe ọmọlanke níbí, ẹni tó ń tì í ni wotorotigi. Ó ń húkọ́, ikọ́ gígùn kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn tó sì máa ń parí sí ohùn bíi ti ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ó ní, "La vieille, pardon, kí òjò yìí dínkù díẹ̀." La vieille kì í ṣe èébú níbí o, bí ẹní ń pè mí ní Màmá ni.

Ó fi ẹ̀gbẹ́ dúró kí ara rẹ̀ má bàa kan àwọn aṣọ tí mo fi há ẹnu ọ̀nà. Mo rí èyí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: mo rí i pé ó ń ṣọ́ aṣọ mi fún mi. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta ló sáré gba ọkàn mi kọjá. Èkíní, àǹkárá Uniwax tuntun wà níbẹ̀, omi yóò ta sí i. Èkejì, àwọn báyìí ló máa ń wo ibi tí owó wà, kí wọ́n tó padà wá lálẹ́. Ẹ̀kẹta, oníbàárà kò ní fẹ́ wọlé. Oníbàárà wo, nínú òjò yẹn?

Mo ní, "Pas ici," kì í ṣe ibí. Ariwo òjò kò jẹ́ kó gbọ́. Mo tún un wí, mo wá fi ọwọ́ kún un, bí a ṣe ń lé adìyẹ kúrò nídìí àgbàdo sísá. Ó wò mí. Ká ní ó bínú ni, ì bá dùn mọ́ mi, ǹ bá rí ohun tí màá fi dá ara mi láre. Ó kàn ní, "Pardon, la vieille," ó sì wọ inú òjò lọ, ó gbé ọwọ́ ọmọlanke rẹ̀ nílẹ̀, ó ń tì í lọ sí ọ̀nà afárá.

Mo mú àkísà, mo nu ibi tó dúró sí.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn láti ọjọ́ náà. Bí ẹ bá bi mí pé ibo gan-an ni mo ti ṣìnà, níbi àkísà yẹn ni màá nàka sí. Ẹ̀rù lè mú èèyàn lé àlejò. Obìnrin tó dá wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n àkísà kì í ṣe ti ẹ̀rù. Orin ẹ̀mí kan sì wà lẹ́nu mi láti ìgbà tí mo ti ń so ríbọ́ǹnù. Nígbà tí mo ń lé e, orin náà kò dúró. Mo kọ ọ́ mọ́ àárín "Pas ici" méjèèjì, mo kọ ọ́ nígbà tí mo ń nu ilẹ̀, mo sì padà sídìí báàgì kẹjọ. Mo ti ya àánú sọ́tọ̀ fún ọjọ́ Àìkú, aago méjìlá ọ̀sán. Sátidé kò sí nínú ètò.

Aago mẹ́fà kọjá kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Koumassi ni mò ń gbé, ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì rẹlẹ̀, tí omi fẹ́ràn púpọ̀. Wôrô-wôrô tó gbé wa dúró níbi tí ojú pópó ti di odò, awakọ̀ ní òun kò lọ mọ́, kí kálukú sọ̀ kalẹ̀. Omi náà ti dé itan. Mo gbé báàgì mẹ́ta nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ìyókù wà lọ́dọ̀ ọmọ ìjọ kan. Bó ṣe máa ń rí nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn wotorotigi ti pọ̀ síbẹ̀, wọ́n ń kó èèyàn sórí ọmọlanke, wọ́n ń wọ́ wọn la omi já. Mo pe èyí tó sún mọ́ mi. Ó ní 300 sẹ́fà. Ilẹ̀ ti ṣú, mi ò wo ojú rẹ̀, owó ni mò ń wò. Mo ní 150. Ó ní rárá. Mo ní, ṣé kì í ṣe ọ̀ọ́kán yẹn náà ni? Mo ná an sí 200.

Àárín omi la wà nígbà tó húkọ́.

Ikọ́ yẹn. Mo yí ojú padà, mo rí ọ̀rá yẹ́lò. Èmi jókòó lókè pẹ̀lú ìrẹsì oníríbọ́ǹnù lórí itan, òun wà nísàlẹ̀ nínú omi ìdọ̀tí tó ń gbé ike àti ìgbẹ́ kọjá lára rẹ̀, ó ń tì mí. Mo fa gèlè wálẹ̀ bo iwájú orí. Mo ń gbàdúrà pé kó má mọ̀ mí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń gbàdúrà pé kó mọ̀ mí, kó sọ̀rọ̀ gún mi, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. A dé ìyàngbẹ ilẹ̀. Mo fún un ní 500, mo ní kó mú gbogbo rẹ̀. Ó wò ó lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù kan, ó ní 200 la jọ sọ. Ó ki ọwọ́ sínú ọ̀rá kékeré kan tó so mọ́ ọrùn, ó ka ẹyọ owó 300 sí mi lọ́wọ́, nílùú tí àpíràǹtì gbáká lè gbé èèyàn kọjá ibùdókọ̀ nítorí pé kò sí ṣéńjì. Ó ní, "Yako, la vieille. Omi yìí ti pọ̀ jù." Yako ni pẹ̀lẹ́ wọn níbí; wọ́n máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí òkú kú fún àti ẹni tó fẹsẹ̀ kọ.

Kò mọ̀ mí. Ohun tó dùn mí jù títí dòní nìyẹn. Kì í ṣe pé ó dárí jì mí, kò rántí. Abẹ́ tapólì tí wọ́n ti lé e lọ́jọ́ náà nìkan lè tó márùn-ún, kò sì sí ohun tó ya tèmi sọ́tọ̀. Mo ní ìgbàgbọ́ ni, mo ní ríbọ́ǹnù ni, kò hàn lójú ẹni tí wọ́n lé.

Mi ò sùn lóru yẹn. Obìnrin kan tí mi ò rántí láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń padà wá sí mi lójú. Nígbà tí mo dé lọ́dún 1988, àdírẹ́sì ìbátan mi tó wà nínú bébà mi ti di ti àtijọ́. Ó ti kó lọ, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tó wà. Ilẹ̀ ṣú bá mi ní Treichville pẹ̀lú àpótí kan, èdè méjì tí kò wúlò, àti ẹkún. Obìnrin tó ń ta attiéké ní igun òpópónà ló fọwọ́ pè mí. Ó bu attiéké fún mi pẹ̀lú ẹja díndín, ó mú mi lọ sílé rẹ̀, mo sì sùn lórí ẹní àwọn ọmọ rẹ̀ fún òru mẹ́ta. Kò béèrè ìjọ tí mò ń lọ. Kò tiẹ̀ béèrè ìlú mi, ó kàn ń pè mí ní Nago nítorí ilà ojú mi.

Ọjọ́ kẹta bọ́ sí Àìkú. Mo rí òun àti gbogbo ilé tí wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n ń lọ sí ìsìn. Ìjọ Harris ni. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo ṣí àpótí mi, mo mú ìwé àṣàrò kúkurú kan jáde, ti Gẹ̀ẹ́sì, mo fún un, kó lè wá sínú ìmọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́. Ó fi bo ẹnu ìkòkò iyọ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ẹni tí Harris jẹ́. William Wadé Harris, ọmọ Grebo láti Làìbéríà, ló fi ẹsẹ̀ rìn wọ ilẹ̀ yìí lọ́dún 1913, láìwọ bàtà, pẹ̀lú aṣọ funfun, ọ̀pá àgbélébùú, Bíbélì àti igbá omi. Kò ní ilé, kò ní owó oṣù, kò gbọ́ èdè ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún kan àbọ̀, èèyàn tó lé ní 100,000 ló ṣèrìbọmi fún, kí ìjọba Faransé tó lé e kúrò nílùú ní ìparí 1914. Nígbà tí míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, William Platt, dé lọ́dún 1924, ó bá ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó ti ń dúró de ẹni tí yóò ka Bíbélì fún wọn láti bí ọdún mẹ́wàá. Àlejò ló mú ìgbàgbọ́ wá síbí, àwọn tó gbà á sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò. Èmi ni mo ń kọ́ wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú, a lọ sí ilé ìwòsàn. Fọ́tò náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi títí di ìsinsìnyí. Gèlè kò bo ojú mi. Àwọn tó bá wò ó máa ń yin ẹ̀rín mi, wọn kò mọ̀ pé 300 sẹ́fà wà nínú àpò mi nígbà tí wọ́n yà á.

Ẹ má rò pé mo gbọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo kọ́kọ́ ya òmùgọ̀ apá kejì. Odidi oṣù méjì ni mo fi ń fún gbogbo ẹni tó bá na ọwọ́, bí ẹni ń san gbèsè fún ẹni tí kò yá a lówó. Ọkùnrin kan wá pẹ̀lú ìwé oògùn, ó ní ọmọ òun wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ka 15,000 sẹ́fà fún un, mo sunkún bá a. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo pàdé rẹ̀ ní Adjamé pẹ̀lú ìwé oògùn kan náà, àbààwọ́n epo kan náà wà ní igun rẹ̀, ó tún na án sí mi. Òun náà kò mọ̀ mí! Mo ní, "Ọmọ ńkọ́?" Ó ní ọmọ wo.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé owó tí mo kà fún un, ìtìjú ara mi ni mo fi ń rà padà. Mi ò wo ojú ẹni tó gba owó ju bí mo ṣe wo ojú ẹni tí mo lé lọ. Ní báyìí, tí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé oògùn wá, mo máa ń ní ká jọ lọ sí fàmásì tó wà lódìkejì. Púpọ̀ nínú wọn a rántí pé àwọn ní ibì kan tí àwọn ń lọ. Àwọn tó bá tẹ̀ lé mi, a jọ máa ń rìn ni, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni mo sì ti gbọ́ ohun tí mi ò lè gbọ́ láéláé bí mo bá jókòó sídìí tábìlì tí mo ń ka owó. Ìyá kan sọ fún mi lójú ọ̀nà pé oògùn kọ́ ni ìṣòro òun, pé láti ọjọ́ mẹ́rin, kò tíì sí ẹni tó bá òun sọ̀rọ̀ tí kò béèrè owó.

Orúkọ ńkọ́? Wọ́n kọ́ wa ní ẹgbẹ́ ajíhìnrere pé ká kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹni. Níbí, ẹ ṣọ́ra. Nígbà ìjà tó tẹ̀ lé ìdìbò 2010, títí wọ́n fi mú Ààrẹ Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù Igbe 2011, bíi 3,000 èèyàn ló kú, àwọn ọ̀dọ́ sì ń dí ojú ọ̀nà, orúkọ tó wà lórí káàdì ló ń sọ bóyá èèyàn yóò kọjá tàbí kò ní kọjá. Ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá kì í yá orúkọ sọ fún obìnrin tó gbé Bíbélì dání. Tèmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ. Bí wọ́n bá sọ tiwọn, ó dára. Bí wọn ò bá sọ, ó dára. Mo tún ti kọ́ ìkíni ní èdè Dioula, ẹyọ mélòó kan péré. "A ni sogoma" tí mo ń kí àwọn aláàárù láàárọ̀ ti mú èsì wá ju gbogbo ìwé tí mo pín láti 1991 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ahọ́n Èjìgbò mi máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ mi lára kí wọ́n máa fi èdè mi rẹ́rìn-ín nílùú yìí.

Mo wá ọkùnrin ọlọ́rá yẹ́lò náà. Mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn wotorotigi ní Treichville àti Koumassi, mo ń ṣe àfarawé ikọ́ rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ń sọ fún mi pé kí n lọ mu oògùn. Mi ò rí i.

Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀, mo ra bẹ́ǹṣì kan, mo gbé e sábẹ́ tapólì, mo sì kó àwọn aṣọ wọnú. Mi ò kọ ẹsẹ Bíbélì kankan sára rẹ̀. Aládùúgbò mi ní mo ń fi ọwọ́ ara mi pe olè. Ó tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń jókòó síbẹ̀, aláàárù, ọmọ ilé ìwé, obìnrin aláboyún kan tó sùn lọ títí òjò fi dá, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé Ànàgó kì í ta ọjà ní gbèsè.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jí bẹ́ǹṣì náà gbé lóru.

Aládùúgbò mi yọ̀ débi pé ó ra omi tútù fún mi. Mo bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ra òmíràn. Èyí ni mo fi ṣéènì dè mọ́ òpó ìlẹ̀kùn, pẹ̀lú àgádágodo tó tóbi ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ. Àwọn wotorotigi tó bá sá wọlé nínú òjò máa ń gbé ṣéènì náà sókè, wọ́n á mì ín, wọ́n á bi mí bóyá mo rò pé bẹ́ǹṣì fẹ́ sá lọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé Jésù nìkan ló sá lọ, mo sì máa ń ní láti tún sọ ìtàn gbáká láti ìbẹ̀rẹ̀.